Èdídí Ìdí Ìbọn Tó Ń Há: Bí A Ṣe Ń Tú U, Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́, Bí A Ṣe Ń Dá A Padà

Ní gbogbo oṣù kìíní, bí àsìkò ọdẹ ìbọn tí à ń kì láti ẹnu bá ti ń parí níhìn-ín ní Ohio, ohùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ìdí ìbọn mi ò tú mọ́ o." Nígbà tí ẹni náà yóò fi pè mí, ó ti fi sípánà fà á, ó ti fi òòlù gbá a, orí irin náà sì ti jẹ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fẹ́ tú u ló há. Ọjọ́ tí ẹ ti inú igbó dé, tó rẹ̀ yín, tí ẹ gbé ìbọn ti ògiri, tí ẹ ní ó di ọ̀la, ọjọ́ náà gan-an ló há.

Ìbọn tí mò ń sọ ni ti ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní inline ní Amẹ́ríkà. Ẹnu la ti ń ki ètù àti ọta sí i bíi ti ṣakabùlà, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé tú. Irin kúkúrú kan tó ní tíréèdì (ìlà tó yí ká bíi ti ara bóòtù) ló dí ibẹ̀ pa. Òun ni wọ́n ń pè ní breech plug, èmi yóò máa pè é ní èdídí. Ihò tóóró kan gba àárín rẹ̀ já. Púráímà 209, ohun kékeré tó ń ṣáná, irú èyí tó wà nídìí kátíríìjì, jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fa ìbọn, iná gba ihò yẹn wọlé lọ bá ètù.

Bí ìbọn yín bá jẹ́ èyí tí òòlù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, ẹ má tú ìdí rẹ̀ rárá. Wọn kò ṣe é fún títú lóòrèkóòrè. Ẹnu ni kí ẹ ti máa da omi gbígbóná sí i, kí ẹ sì fi àkísà gbẹ ẹ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí kò kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ó nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ọwọ́ bá ti dọ̀tí tán, ẹ kò ní fẹ́ dìde lọ wá nǹkan mọ́.

- Sípánà tàbí irin ìtú tó bá ìbọn náà wá láti ilé iṣẹ́. Kì í ṣe èyí tó fẹ́ jọ ọ́.
- Abọ́ kan, omi gbígbóná, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́.
- Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ méjì. Búrọ́ọ̀ṣì onírun bàbà tó bá inú ọ̀pá mu.
- Wáyà onírun tí àwọn amupáìpù fi ń nu páìpù wọn.
- Ẹnu dírílì kan tó jẹ́ 1/8 ínǹṣì. Ẹnu rẹ̀ nìkan, kì í ṣe ẹ̀rọ rẹ̀.
- Gíríìsì tó ń gba ooru, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń pa tíréèdì púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ kó má bàa há. Anti-seize ni orúkọ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀.
- Òróró ìbọn, àkísà funfun tó pọ̀, àti awò tó bo ojú.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ irú ètù tí ẹ lò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà kí wọ́n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì rárá. Ètù dúdú gidi, Pyrodex àti Triple Seven, omi àti ọṣẹ ló ń fọ èérí wọn. Blackhorn 209 yàtọ̀: omi kò ràn án. Èròjà ìfọbọn tí wọ́n ń lò fún ìbọn kátíríìjì ló ń tú èérí tirẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi omi gbígbóná fọ èérí Blackhorn fún wákàtí kan gbáko, tó wá ń sọ pé ìbọn òun ti bàjẹ́.

Ìpele 1: Rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú ìbọn

Ẹ yọ púráímà kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọlé láti ẹnu títí yóò fi dúró. Ó yẹ kí àmì méjì ti wà lára ọ̀pá yìí: ọ̀kan tó ń fi hàn ibi tó ń dé bí inú ìbọn bá ṣófo, èkejì fún ìgbà tí ètù àti ọta bá wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì fàlà síi, ọjọ́ tí ìbọn bá mọ́ tó sì ṣófo ni kí ẹ fa àkọ́kọ́.

Ìkìlọ̀: "mo rántí pé mo ti yìn ín" kì í ṣe ẹ̀rí. Ìbọn lè kọ̀ láti dún ní ìrọ̀lẹ́, kí òtútù àti òkùnkùn mú kí èèyàn gbàgbé. Ọ̀pá ìkìbọn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ó bá kì, ìyẹn bí ètù àti ọta bá wà nínú rẹ̀, tí púráímà sì ti kúrò, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séwu, ẹ tú èdídí, ẹ da ètù jáde láti ìdí, kí ẹ tó fi ọ̀pá ti ọta jáde. Ẹ má ṣe é nítòsí iná tàbí sìgá.

Àyẹ̀wò: àmì òfìfo tó wà lára ọ̀pá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu ìbọn, kò yọ sókè rárá.

Ìpele 2: Tú èdídí ní ọjọ́ náà gan-an

Ọjọ́ tí ẹ yin ìbọn, kó tó di pé ẹ sùn. Ju ìdajì ètù dúdú ni kì í di afẹ́fẹ́ nígbà tó bá jóná; ó ń di èérí. Apá kan bá èéfín jáde, apá kan lẹ̀ mọ́ irin. Iyọ̀ wà nínú èérí yẹn, iyọ̀ sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Pyrodex tún burú ju ètù dúdú lọ lórí ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún. Bí irú èérí bẹ́ẹ̀ bá há sáàárín tíréèdì méjì, ó ń tutù lálẹ́, ó ń gbẹ lọ́sàn-án, títí irin méjèèjì yóò fi di ọ̀kan.

Ẹ ki irin ìtú bọ orí èdídí títí dé ìsàlẹ̀, kó jókòó dáadáa, kí ẹ tó yí i sí òsì. Ẹ yí i pẹ̀lẹ́. Èdídí tí wọ́n fi gíríìsì sí dáadáa yóò ké "kíì" lẹ́ẹ̀kan, á sì máa bọ̀ bí ìdérí ìgò. Bí ó bá ń rọ̀, tó tún ń le, ẹ má fi agbára lé e. Ẹ dá a padà díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ tún yí i sí òsì. Báyìí ni èérí tó wà láàárín yóò ṣe máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Ìkìlọ̀: ẹ má lo púláyà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí eyín púláyà bá jẹ orí èdídí, irin ìtú rẹ̀ gan-an kò ní mú un mọ́. Bí kò bá sì tú rárá, ẹ fò lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa èyí tó ti há, nísàlẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé èdídí síta nínú oòrùn tàbí lábẹ́ iná. Orí tíréèdì gbọ́dọ̀ mú kedere, láìsí irin tó ya tàbí tó tẹ̀.

Ìpele 3: Fọ èdídí

Ẹ jù ú sínú omi gbígbóná tí ẹ ti da ọṣẹ sí. Láàárín ìṣẹ́jú kan, omi á ti dúdú bí omi aró, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹyin tó bàjẹ́. Imí-ọjọ́ inú ètù dúdú ló fà á. (Triple Seven kò ní imí-ọjọ́, kì í rùn bẹ́ẹ̀.) Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Fún Blackhorn, èròjà ìfọbọn lẹ ó rì í sí dípò omi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ tíréèdì yíká, kòtò kan lẹ́yìn èkejì. Ojú iwájú èdídí, ibi tó ń kojú ètù, ni èérí ti ń le jù. Ó máa ń ṣe pẹlẹbẹ bí ìpàǹpá ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ dá a padà sínú omi, ẹ mú sùúrù, ẹ tún fọ̀ ọ́. Nílé púráímà lẹ́yìn, ẹ fi àkísà tí ẹ lọ́ mọ́ igi pẹlẹbẹ kan nu ún yíká, nítorí èérí tó bá kù síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí púráímà wọlé tán, ìbọn yóò sì ṣòro láti pa dé.

Bí èdídí yín bá ní rọ́bà òrùka lára, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó rì í sínú èròjà kankan, ẹ wò ó bóyá ó ti sán.

Àyẹ̀wò: ẹ fi àkísà funfun gbígbẹ yí tíréèdì. Bí ó bá mú àwọ̀ eérú wá, kò tíì mọ́.

Ìpele 4: Ihò iná

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jùlọ, nítorí ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn tó kọ̀ láti dún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí iná ń gbà kò rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ó fẹ̀ ní apá kan, ó sì há ní ibì kan, kò ju nǹkan bíi 0.030 ínǹṣì lọ nínú ọ̀pọ̀ èdídí tuntun. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ńlá ló máa ń sún mọ́ ọn ní fífẹ̀. Èérí máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri apá tó fẹ̀, ó máa ń le bí gíláàsì, ọṣẹ kò sì ń tú u.

Fún apá tó fẹ̀, ẹ fi ìka yín mú ẹnu dírílì 1/8 ínǹṣì, ẹ tì í wọlé, ẹ máa yí i pẹ̀lú ọwọ́ nìkan. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha. Ẹ fà á jáde, ẹ gbọn èédú tó wà nínú kòtò rẹ̀ dànù, ẹ tún tì í wọlé. Bí ìró híha náà bá dáwọ́ dúró, tó ń yọ̀, ó tán nìyẹn. Bí 1/8 kò bá wọ èdídí yín, ẹ wá èyí tó kéré sí i. Kò gbọdọ̀ jẹ irin rárá.

Fún apá tó há, ẹ fi wáyà onírun kọjá pẹ̀lú omi ọṣẹ.

Ìkìlọ̀: ẹ má ki ẹnu dírílì bọ inú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà eléyín tí àwọn wẹ́dà fi ń tu ẹnu tọ́ọ̀ṣì wọn. Ara rẹ̀ dà bí fáìlì. Bí ẹ bá ń fà á lọ fà á bọ̀ nínú ihò tó há, ẹ ń gbẹ́ ihò náà fẹ̀ ni. Ihò tó fẹ̀ jù ń jẹ́ kí iná ètù yí padà sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé èdídí sókè, ẹ fi ojú kan wo ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan, etí rẹ̀ mọ́ yíká. Bí ó bá rí bí oṣù tó ń lé, èérí ṣì wà lápá kan.

Ìpele 5: Tíréèdì tó wà nínú ọ̀pá

Èdídí mọ́ tán, inú dùn, a gbàgbé pé tíréèdì méjì ló ń pàdé. Èkejì wà nínú ìdí ọ̀pá ìbọn, ojú kì í sì í tètè rí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kejì pẹ̀lú omi ọṣẹ yí i ká. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì bàbà fọ inú ọ̀pá láti ìdí lọ sí ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọ sílẹ̀ kí omi dúdú náà má bàa ṣàn padà sórí ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Omi tó gbóná gan-an lẹ ó fi ṣàn án kẹ́yìn, kí irin lè gbóná kó sì tètè gbẹ. Àkísà gbígbẹ kan lẹ́yìn èkejì títí omi yóò fi tán, kí ẹ tó fi òróró díẹ̀ kọjá inú ọ̀pá.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọwọ́ lásán, láìsí gíríìsì, yí èdídí wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá ń lọ láìdúró, tíréèdì méjèèjì mọ́. Bó bá ń ha, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ padà.

Ìpele 6: Gíríìsì, kí ẹ tó dá a padà

Tíréèdì nìkan ni kí ẹ fi gíríìsì pa. Kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kó kàn bo kòtò tíréèdì yíká. Ojú iwájú èdídí kò gbọdọ̀ ní gíríìsì, ihò iná kò gbọdọ̀ ní, ilé púráímà náà kò gbọdọ̀ ní. Gíríìsì tó bá wọ ihò iná lè dí i, ó sì lè ba ètù jẹ́, ìbọn yóò sì wulẹ̀ ṣe "táà" nígbà tí àgbọ̀nrín bá dúró síwájú yín.

Ẹ fi ìka yí i wọlé. Ìka ni kí ó gbé e dé ìdí. Bó bá kọ̀ ní agbede méjì, tíréèdì ti gba ara wọn kọjá. Ẹ tú u, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá jókòó tán, ẹ fi irin ìtú fún un díẹ̀ sí i, bí ìwé ìlò ìbọn yín bá ṣe wí. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ìka nìkan. Ẹni tó bá gbára lé sípánà nígbà tó ń dè é ló máa sunkún nígbà tó bá ń tú u.

Àyẹ̀wò: ẹ lọ síta pẹ̀lú ìbọn tó ṣófo pátápátá, ẹ fi awò sójú, ẹ sì dí etí. Ẹ fi púráímà kan sí i, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ewé gbígbẹ kan nílẹ̀, kí ó sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ fà á. Bí ewé bá fò, ọ̀nà iná ṣí. Bí ewé bá dúró gbọn-in, nǹkan dí i. Ẹ padà sí ìpele 4. Púráímà náà fi èérí tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi àkísà nu ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìpele 7: Ọjọ́ kejì

Ẹ fi àkísà funfun kan kọjá inú ọ̀pá lẹ́yìn wákàtí 24. Bó bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ amọ̀, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, irin sì ti ń dógùn-ún. Ẹ tún un fọ̀ láti ìpele 5. Bó bá mọ́, ẹ fi òróró síi, ẹ gbé e pamọ́. Èmi máa ń tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kẹta.

Bí èdídí bá ti há tán

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìbọn àkọ́kọ́ tí mo rà níhìn-ín, mo fi èdídí rẹ̀ sílẹ̀ fún àsìkò ọdẹ méjì láìtú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n fi fáìsì (irin orí tábìlì tó ń di nǹkan mú) tí kò ní nǹkan kan lẹ́nu gbá ọ̀pá mú, wọ́n sì fi sípánà páìpù fa ìdí rẹ̀. Èdídí tú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá eyín fáìsì náà ṣì wà lára ọ̀pá ìbọn yẹn títí dòní, mo sì máa ń fi àtàǹpàkò kàn án nígbàkígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú ṣe èyí.

Bí ètù bá ṣì wà nínú ìbọn tí èdídí rẹ̀ há, ẹ yọ púráímà, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn, kí ẹ sì sọ fún un kí ẹ tó wọlé pé ó kì. Ẹ má fi iná, ẹ má fi òòlù kàn án.

Bó bá ṣófo, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kì í ṣe òróró. Èérí ètù ló há a, omi ló sì ń tú èérí yẹn (bó bá jẹ́ Blackhorn, èròjà rẹ̀ ni). Ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára igi ìbọn, ẹ fi igi ìtayín dí ihò iná láti ẹ̀yìn, ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè, ẹ da omi ọṣẹ gbígbóná kún inú rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ dà á nù, ẹ tún da òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ ẹ́, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, ẹ kán òróró tó ń wọ tíréèdì sí ibi tí èdídí àti ọ̀pá ti pàdé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi igi méjì tàbí awọ nípọn sẹ́nu fáìsì kí ẹ tó fi mú ọ̀pá. Ẹ fi òòlù bàbà kan orí èdídí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ẹ ki irin ìtú bọ̀ ọ́ dé ìdí, ẹ gbìyànjú láti yí i sí ọ̀tún ná, díẹ̀ péré, kí ẹ tó yí i sí òsì. Bó bá kọ̀, òróró lẹ́ẹ̀kan sí i, alẹ́ kan sí i. Ó ti gba ọ̀rẹ́ mi kan ní ọjọ́ mẹ́fà, èdídí náà sì jáde láìní àpá kankan. Iná wẹ́dà kò gbọdọ̀ kan ọ̀pá ìbọn láéláé. Ooru rẹ̀ ń sọ irin di rírọ̀ níbi tí agbára ètù ti pọ̀ jù.

Ìgbà tí a ń pààrọ̀ rẹ̀

Èdídí kì í ṣe ohun àìkú. Iná tó ń gba ihò náà ń jẹ ẹ́ fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tuntun, ẹ wá wáyà tàbí ẹnu dírílì tín-ín-rín kan tó kàn ń wọ ihò rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àti èyí tó tẹ̀ lé e tí kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi méjèèjì pamọ́ sínú ọ̀rá kan náà. Lọ́jọ́ tí èyí tí kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀ bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹ ra òmíràn. Àwọn àmì mìíràn: èéfín ń tú padà sójú ẹni, ìdí púráímà ń jáde ní dúdú, ọta tó máa ń bà síbì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri. Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà gan-an ni kí ẹ rà, nítorí tíréèdì wọn kò bára mu.

Èdídí méjì ni mo máa ń gbé lọ sóde ọdẹ, ọ̀kan nínú ìbọn, ọ̀kan nínú àpò ọdẹ mi, tí mo ti fi gíríìsì pa tí mo wé sínú ọ̀rá. Mo fi gègé kọ iye ìgbà tí mo ti yin ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ìwé kékeré kan tó wà nínú ọ̀rá náà. Èyí tó wà nínú ìbọn báyìí ti di 112, wáyà kejì kò sì tíì wọlé.